Mọ́síùrá Fi Àgádágodo Ti Ẹ̀rọ

Ẹnikẹ́ni kò rán Mọ́síùrá sídìí iṣẹ́ mekaníìkì. Bàbá rẹ̀, Alájì Ṣàkírù ará Ìgbòho, ti ṣètò ìsọ̀ aṣọ kan sílẹ̀ dè é nínú ọjà ńlá Treichville, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbé, ó sì ti ń fojú sun ọkùnrin kan tó ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ fún un. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ojú ọmọ náà ti wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, Alimatou. Ìyá yìí kì í fi ọjọ́ Jímọ̀ ṣeré. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, yóò ti ṣí ìdérí ẹ̀rọ, yóò fi ìyẹ́ adìyẹ gbá èérún òwú kúrò, yóò kán òróró síbi mẹ́fà, yóò wá fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Mọ́síù, ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn lẹ ń fún lóògùn?"

Òun a ní, "Ìgbà tí kò tíì ṣàìsàn gan-an loògùn ń wúlò."

Ẹ̀rọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ti di àkùrẹtẹ̀ tipẹ́, ti Alimatou ṣì ń dún bíi tuntun.

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́síùrá ṣe forí lé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun nìkan lóbìnrin láàárín ọkùnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó gbàwé ẹ̀rí tán ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ kan tó ń lu ilẹ̀ wá omi ní Vridi, nítòsí odò tí wọ́n gbẹ́ kí ọkọ̀ òkun lè máa wọlé, gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rọ ìlulẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní. Orí ọkọ̀ ńlá ni wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kà, òpó irin rẹ̀ sì ga ju òpó iná lọ. Tí wọ́n bá gbé e dúró, orí kan tó wúwo bí màlúù méjì yóò wà lókè òpó náà, òun ni í máa yí ọ̀pá irin wọnú ilẹ̀, ọ̀pá lórí ọ̀pá, títí omi yóò fi jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kànga ló ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Iṣẹ́ Mọ́síùrá ni pé kí ẹ̀rọ má bàjẹ́. Láàárọ̀, yóò fún gíríìsì sínú orí tí ń yí. Yóò fi àkísà fa okùn irin láti òkè dé ìsàlẹ̀; níbi tí àkísà bá ti há, ó mọ̀ pé fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Yóò tẹ àwọn ọ̀pá rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, yóò wò wọ́n bóyá wọ́n ti ń sán. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dúró láti àárọ̀ dọ̀sán, yóò sì yọ asẹ́ tó ń sẹ́ ọ́ìlì wọn, yóò wo ohun tó dì mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò sí ẹ̀rọ kan tó dákú síta. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tí yóò délé sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ wa kò bàjẹ́ lónìí o."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, ṣẹ́ẹ̀fù àtijọ́ tó ń darí wọn fẹ̀yìn tì, François sì dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ́ tónítóní, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú, kì í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́. Àmọ́ ó lẹ ìwé gbàǹgbà kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ó fi pupa kun gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ kò fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló pupa jù. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé, ó pe gbogbo wọn jọ.

"Láti òní lọ, kò sí ìdúró ọjọ́ Jímọ̀ mọ́," ó wí. "Èyí tó bá bàjẹ́ la ó tún ṣe. Èyí tí kò bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mọ́síùrá nawọ́. "Ṣẹ́ẹ̀fù, tó bá ti bàjẹ́, inú igbó ló máa bàjẹ́ sí."

"Ká débẹ̀ ná," François dá a lóhùn.

Mọ́síùrá kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ rẹ̀. Nígbà táwọn yòókù bá ń jẹ atiéké, oúnjẹ gbágùúdá ibẹ̀, àti ẹja díndín lẹ́nu géètì, òun ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó rù lóṣù méjì yẹn, ìyá rẹ̀ sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́ Àtìní kan nínú oṣù kẹta ló ṣí asẹ́ Numéro deux, ìyẹn ẹ̀rọ kejì. Ó rí ohun tó ń dán nínú ọ́ìlì, tín-ín-tín bí ìpẹ́ ẹja kékeré. Ó mú òòfà sún mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ sì fò dì mọ́ òòfà. Ó ké sí Lazare.

Lazare ló ń wa Numéro deux. Ará Kétu ni, ó ju Mọ́síùrá lọ ní ọdún mẹ́wàá ó lé, ó jẹ́ olùdarí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Niangon, ó sì bí ọmọ mẹ́rin.

"Bùọ̀dá Lazare, ẹ fọwọ́ ra èyí wò."

Lazare fi àtàǹpàkò rà á. "Ó ń gún mi."

"Irin ni. Rúlúmáà inú orí ẹ̀rọ yín ló ń jẹ ara rẹ̀."

Lazare gbójú sókè wo orí ẹ̀rọ náà. Rúlúmáà ni òrùka onírin tó kún fún bọ́ọ̀lù kéékèèké, èyí tó ń jẹ́ kí ohun tó wúwo máa yí láìfipá. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. "Ṣùgbọ́n mo lò ó ní Sátidé, àbúrò. Kò pariwo."

"Tó bá máa fi pariwo, ó ti pẹ́ jù. Tó bá há nígbà tí ogún ọ̀pá wà nínú ilẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀pá máa ṣe?"

"Á lọ́."

"Á lọ́, á já. Orí yẹn ńkọ́? Ta ló ń dúró lábẹ́ rẹ̀?"

Lazare nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Òun ló ń dúró lábẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni Numéro deux fẹ́ jáde lọ lu kànga fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń di ẹja sínú agolo, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló sì ṣèlérí ọjọ́ náà. Mọ́síùrá gbé asẹ́ náà sínú abọ́, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì François, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. François sún ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ́ìlì má bàa kàn án.

"Ọjọ́ mélòó lo fẹ́?"

"Méjì, ṣẹ́ẹ̀fù. Rúlúmáà tuntun wà ní mágásà níbi ohun èlò, mo ti lọ wò ó."

"Ọjọ́ mélòó ló kù fún èyí tó wà níbẹ̀?"

"Mi ò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ oṣù kan. Ó lè jẹ́ ọ̀la."

François mí kanlẹ̀. "O rí i? O ò mọ̀. Èmi mọ̀ pé wọ́n ń retí wa ní aago mẹ́jọ ọ̀la." Ó ṣí ìwé àbẹ̀wò ẹ̀rọ, ó nà án sí i. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí i. "Fọwọ́ sí i."

Mọ́síùrá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà lọ́wọ́. "Mi ò fọwọ́ sí i."

"Mọ́síùrá."

"Ẹ lè pe orúkọ mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣẹ́ẹ̀fù. Ọwọ́ mi kò ní kan ìwé yẹn."

François fa ìwé náà padà, ó mú bírò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. "Ó ti parí. Aago méje ni ẹ̀rọ ń jáde."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun mọ̀ǹgàríbì tán, ó sì ń ká ẹní. Mọ́síùrá jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pè méjì. Alájì Ṣàkírù kò fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn rí. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni ẹ̀rọ ni? Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ọrùn ọ̀gá ló wà."

"Bàbá, bí ó bá já, kì í ṣe ọrùn ọ̀gá ló máa já lé. Ọrùn Bùọ̀dá Lazare ni."

Bàbá ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò mì. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹ yá mi ní àgádágodo ìsọ̀."

"Èyí tó wà fún ìsọ̀ rẹ? Èyí tí mo rà dè ọ́?"

"Òun ni."

Alájì Ṣàkírù dìde, ó wọlé, ó gbé àgádágodo náà jáde. Ó wúwo bí òkúta, idẹ gidi ni. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Má sọ ọ́ nù."

Láàárọ̀ Àtàlátà, kí François tó dé, Mọ́síùrá ti dé Vridi. Ó ṣí àpótí irin tí wọ́n ti ń tan iná Numéro deux, ó yí iná pa, ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ó fi àgádágodo ìsọ̀ aṣọ tì í. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó sọ kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, ó wọ bàtà padà. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀rọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń dé, wọ́n ń dúró wò ó. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tantie, àǹtí wa, ti ṣí ìsọ̀!" Ìdí Mọ́síùrá kò kúrò lórí irin.

François dé. Ó rí i. Ó wo àgádágodo náà bí ẹni tó rí ejò lórí ibùsùn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ẹ jẹ́ ká tú orí ẹ̀rọ kalẹ̀, màá mú un wá."

"Mo lè lé ọ lọ́jú ẹsẹ̀, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ lè lé mi. Rúlúmáà yẹn kò ní torí ìyẹn sàn."

François yíjú sí àwọn ọkùnrin. "Ẹ mú ohun tí a fi ń gé irin wá. Lazare! Wá gé nǹkan yìí."

Lazare rìn wá. Ó gba ohun ìgérin lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Mọ́síùrá wo ojú rẹ̀, kò sì rí ohun tó wà níbẹ̀ kà. Lazare nà án sí François.

"Ẹ gbà, ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ gé e fúnra yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé e tán, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ lọ dúró lábẹ́ orí yẹn. Èmi ò dúró níbẹ̀."

Ó bọ́ àkẹtẹ̀ líle orí rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Mọ́síùrá. Àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ bọ́ tiwọn náà. Àwọn ti Numéro un, ẹ̀rọ kìíní, dẹ́kun ẹ̀rín. François dúró pẹ̀lú ohun ìgérin lọ́wọ́, nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Ariwo ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú ọ̀gá àgbà jáde. Òyìnbó arúgbó kan ni, ó ti lulẹ̀ ní ìhà gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ kó tó di ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. François ṣàlàyé. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó wá kọjú sí obìnrin tó wà lórí àtẹ̀gùn.

"Ọdún mélòó lo ti wà lọ́dọ̀ wa?"

"Mẹ́rin, ọ̀gá."

"Nínú ọdún mẹ́rin yìí, ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́ síta?"

"Kò sí."

"Kò sí." Ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́, kí la wá gbà ọ́ fún?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́síùrá dìde dúró, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu géètì.

"Torí mo wà níbẹ̀ ni kò fi bàjẹ́! Ẹ rò pé irin ń tọ́jú ara rẹ̀ ni? Okùn irin tí mo ní kí ẹ yí padà lọ́dún tó kọjá, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn mágásà, fọ́nrán mọ́kànlá ló ti já lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mo jẹ́ kó já ni, ẹ ó mọ orúkọ mi dáadáa. Ẹ ó máa pè mí wá tún un ṣe lójoojúmọ́, ẹ ó ní mo ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ orí yẹn kalẹ̀ lójú gbogbo wa. Bí rúlúmáà rẹ̀ bá dáa, màá jáde ní géètì yẹn lónìí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́."

Ọ̀gá àgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òpó ẹ̀rọ. Bóyá ó rántí ohun kan tí ojú òun náà ti rí. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ó wí.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Mọ́síùrá bọ́ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣí àgádágodo. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé orí náà kalẹ̀ sórí pákó, wọ́n tú ìdérí rẹ̀. Rúlúmáà òkè ló kọ́kọ́ jáde. Mọ́síùrá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó yí i létí. Ó ń yí láìsí ariwo, ó ń dán gbinrin. Kò ní àléébù kankan.

François rẹ́rìn-ín músẹ́. Lazare wo ilẹ̀.

"Kò tíì tán," Mọ́síùrá wí. "Ó ku ti ìsàlẹ̀."

Ti ìsàlẹ̀ kò fẹ́ jáde. Wọ́n gbá a, wọ́n fà á, Mọ́síùrá fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú ihò náà dé ìgúnpá. Bó ṣe gbé e sókè báyìí, ó tú sí i lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù irin ń já bọ́ sílẹ̀ kàn-ìn, kàn-ìn, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Òrùka tó yẹ kó dì wọ́n mú ti ṣẹ́ sí mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ti pẹlẹbẹ níhà kan bí ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀.

Lazare bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wá fi ọwọ́ kejì ya àmì àgbélébùú sára. Ọ̀gá àgbà gba òrùka tó ṣẹ́ náà, ọ́ìlì ṣàn dé ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ yí i padà," ó wí, ó sì padà sí ọ́fíìsì.

Ní Àlàmísì, Numéro deux jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹja. Kò há, kò sì dúró, títí wọ́n fi kan omi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, François pe Mọ́síùrá, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fi àgádágodo ara rẹ̀ ti ohun ìní ilé-iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Láti ọjọ́ Àtìní, mágásà ni yóò máa jókòó sí, níbi tí wọ́n ń kó ohun èlò sí, kí ó máa pín ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́.

"Ṣé irọ́ ni mo pa, ṣẹ́ẹ̀fù?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irọ́. Ọ̀rọ̀ ètò ni."

"Ó dáa. Ẹ gba gíríìsì lọ́wọ́ mi. Ẹ ò lè gba ojú tí mo fi ń wo ẹ̀rọ."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú orí gíga. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, ó yíjú sí fèrèsé, omijé sì ń wọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ni ín. Ìsọ̀ aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ní bi í ní ìbéèrè kankan. Ó rò ó títí bọ́ọ̀sì fi dúró. Ohun tó dé sí i lọ́kàn nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀pá rọ́bà kan lára Numéro trois, ẹ̀rọ kẹta, tó ti ń sán. Bí òun bá lọ, ta ni yóò rántí rẹ̀? Ó pinnu pé òun ò lọ síbì kan.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Lazare yọ sí ojú fèrèsé mágásà. Ó di nǹkan kan sínú ìwé ìròyìn.

"Àbúrò, mo wá gba ọṣẹ."

Ó gbé ìdì náà kalẹ̀, ó ṣí i. Asẹ́ ọ́ìlì Numéro deux ni. Mọ́síùrá wò ó, ó wo Lazare, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì mú òòfà rẹ̀. Ohunkóhun kò dì mọ́ ọn. "Ó mọ́," ó wí. Ó fún un ní ọṣẹ.

Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, awakọ̀ ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tò síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kálukú pẹ̀lú ìdì tirẹ̀. François já lù wọ́n lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ọṣẹ la wá gbà, ṣẹ́ẹ̀fù," Lazare wí.

"Gbogbo yín?"

"Ọwọ́ wa dọ̀tí púpọ̀."

François wo asẹ́ ọ́ìlì tó wà lórí tábìlì, níwájú Mọ́síùrá, kedere. Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì yí padà lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mọ́síùrá rí i pé ọ́ìlì Numéro un ti funfun bíi wàrà, ó ní omi ń wọnú rẹ̀. Wọ́n yí rọ́bà kan ṣoṣo padà láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ ń lọ.

Ní oṣù kẹfà, ìwé kan hàn lára pátákó ẹnu géètì. Ìdúró ọjọ́ Jímọ̀ ti padà. Wọ́n to gbogbo ohun tí a ó máa yẹ̀ wò sílẹ̀, orúkọ François nìkan ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ronú kàn án. Inú bí Lazare, ó fẹ́ ya á.

"Ẹ fi í sílẹ̀, bùọ̀dá," Mọ́síùrá wí. Ó dúró, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Ó wá fa bírò yọ nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà-gàdàgbà sábẹ́ orúkọ François.

François jáde láti ọ́fíìsì. "Ta ló fún ọ láṣẹ láti kọ nǹkan sí i?"

Kò dáwọ́ dúró. "Ẹ gbàgbé okùn irin, ṣẹ́ẹ̀fù. Àárọ̀ àárọ̀ ni ká máa fi àkísà fà á, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ nìkan." Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ó dé bírò. "Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa á rẹ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò wọ́n. François sún mọ́ pátákó, ó ka ohun tó kọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò pa á rẹ́. Ní Àtìní, ó ní kí wọ́n dá ìbọn tí a fi ń fún gíríìsì padà fún Mọ́síùrá, kó máa tọ́jú ẹ̀rọ lọ. Kò sọ pé òun jẹ̀bi, Mọ́síùrá náà kò sì dúpẹ́.